Ta Ló Ni Eegun Odò Awẹ́lẹ́?

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ kó jẹ ẹ́ tán kíákíá, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í jẹ́ kí òkèlè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ dáadáa. Èmi ni Ọdẹ́sànmí, ọmọ Ọdẹ́gbadé, ọdẹ Òkè-Ẹfun. Ẹ má wo irun funfun orí mi yìí. Ẹfọ̀n tó mọ̀ mí nígbà tí mo wà ní géńdé kì í gba ọ̀nà tí mo bá gbà, ìmàdò tó bá sì gbóòórùn ẹ̀wù mi á kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ó dìgbóṣe. Àwọn kan nínú yín ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rín in. Ìyàwó mi náà ló ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún yẹn, ó ní ìmàdò kan tí òun mọ̀ lé mi gun igi ìyeyè láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ má dá a lóhùn. Mo ti fẹ́ gun igi náà tẹ́lẹ̀, ìmàdò kàn bá mi níbẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ eegun ni mo fẹ́ sọ. Ní ọdún tí ọ̀dá dá wa lágara, odò Awẹ́lẹ́ fà títí ó fi kù díẹ̀ kó di ìtàn. Àwọn obìnrin tó lọ wa yanrìn rí àwọn nǹkan róbótó-róbótó kan ní ẹ̀bá odò, lẹ́yìn ọgbà ilá àbúrò mi obìnrin, Ọdẹ́bùnmi. Wọ́n tó ìdérí ìgò, wọ́n dúdú, wọ́n sì tò tẹ̀lé ara wọn gbọọrọ nínú amọ̀ bí eegun ẹ̀yìn ohun tó sùn tí kò jí mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé bí wọ́n bá rí eegun lẹ́yìnkùlé ẹni, wọn kì í lọ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò. Ṣódípẹ̀, ọkọ Ọdẹ́bùnmi, ti gba ọ̀nà ilẹ̀ Ègùn lọ ra àgbàdo láti ọjọ́ pípẹ́; kò padà, a kò sì gbúròó rẹ̀. Bí ìyá Ṣódípẹ̀ ṣe rí eegun yìí ló figbe ta: "Ọmọ mi rèé o! Obìnrin yìí ló pa á!" Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú aṣọ, ó dì í mọ́ àyà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun.

Baálẹ̀ ní kí àwa ọdẹ wá wo eegun náà. Ta ló tún mọ eegun bí kò ṣe ẹni tó ń kun ẹran? Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ bí a ṣe ń ṣe é ní ìlú wa. A ó gbé eegun sáàárín, a ó wá máa sun ìjálá ẹran kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti orí erin títí dé orí ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹran tí oríkì rẹ̀ bá bá eegun náà mu, òun ló ni ín. Ọ̀nà tí bàbá wa fi hàn wá nìyẹn, kò sì já wa kulẹ̀ rí. Lọ́jọ́ náà, ìyá Ṣódípẹ̀ jókòó sáàárín pẹ̀lú eegun láyà, a ki erin, eegun kéré. A ki ìgalà, kò jọ ọ́. A ki etu, a ki òyà, a ki ọ̀bọ tó ń fi ìdí jókòó bí olóyè, pàbó ló já sí. Nígbà tí a ki gbogbo ẹran igbó tán, olórí ọdẹ mi orí pẹ̀tẹ̀, ó ní nínú gbogbo ohun tí ọdẹ ń kì, ènìyàn nìkan ló kù. Bí eegun ṣe di eegun ènìyàn nìyẹn. Gbogbo wa mi orí bíi tirẹ̀, orí tèmi náà sì wà níbẹ̀ tó ń mì.

Baálẹ̀ kò fẹ́ràn ẹjọ́ gígùn. Ó ní bó bá di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, Ọdẹ́bùnmi yóò di ẹrù rẹ̀, yóò kúrò ní Òkè-Ẹfun, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì dúró sí ilé bàbá wọn. Àbúrò mi kò sunkún. Ojú mi ló ń wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin náà gbà pé mo pa bàbá àwọn ọmọ mi?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Inú mi bàjẹ́ débi pé n kò mọ ìgbà tí mo la ẹnu: "Eegun yìí kì í ṣe ti ènìyàn! Èmi Ọdẹ́sànmí yóò wá ẹni tó ni ín rí kí ọjà tó tú!" Ìlú hó yèè. Ẹnu mi ti sọ ọ́ tán kí orúnkún mi tó béèrè pé níbo la ti fẹ́ rí i.

Mo ní kí ìyá Ṣódípẹ̀ yá mi ní ẹyọ kan nínú eegun náà. Ó kọ̀. Nígbà tí Baálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó tú aṣọ, ó ṣa èyí tó kéré jù, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún kó tó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ọdẹ́sànmí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má sọ ọ́ nù. Ó jọ pé ti ọrùn rẹ̀ nìyẹn."

Nílé, ìyàwó mi di gààrí àti ẹja àrọ̀ yíyan kan sínú àpò mi. Mo ní ọdẹ kì í gbé ẹja wọgbó, ẹran ni oúnjẹ ọdẹ. Ó ní, "Bàbá Ọláyẹni, ẹran tí ẹ pa lóṣù tó kọjá ńkọ́, ṣé a ti jẹ ẹ́ tán ni?" Mo gbé àpò kọ́ èjìká, mo jáde. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ti gbéyàwó, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í fèsì sí.

Igbó Àìmọ̀dí ni mo forí lé, torí ohun tí ọdẹ kò bá mọ̀, ibẹ̀ la ti ń béèrè rẹ̀. Igbó náà kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń ṣẹ́gi. Àwọn igi ibẹ̀ a máa kí ara wọn láàárọ̀, ẹni tó bá sì dá wọn lóhùn, gbòǹgbò ló máa hù. Ní ẹnubodè rẹ̀ ni mo ti bá iwin kan tí ń jẹ́ Afetíbora. Ó kúrú, etí ọ̀tún rẹ̀ kò ju ti ewúrẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ti òsì gbòòrò débi pé òun ló fi ń bora bí aṣọ. Mo na ìbọn sí i. Kò tilẹ̀ mira.

"Ọdẹ, gbé irin yẹn sílẹ̀," ó ní. "Mo ti gbọ́ ọ láti òkèèrè pé kò sí ọta nínú rẹ̀."

Òótọ́ ni. Ìkánjú ló fà á. Ìyá Ọláyẹni, má wò mí bẹ́ẹ̀.

Mo bi í pé kí ló ń gbà ní ibodè. Ó ní òun kì í gba owó, òun kì í gba obì. "Ìfọ́nnu kan ṣoṣo ni mò ń gbà lọ́wọ́ ọdẹ," ó ní, "ṣùgbọ́n òótọ́ ni kó jẹ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi dùn! Ẹni tí wọ́n ní kó fi ohun tó pọ̀ jù nílé rẹ̀ san ibodè, kí ló tún kù? Mo gbé àyà sókè. Mo ní, "Èmi ni mo fi ọwọ́ lásán mú ẹkùn nírù!"

Etí rẹ̀ gbọ̀n. "Mú òmíràn wá."

"Èmi ni mo pa ẹfọ̀n tó ń da ọ̀nà oko láàmú!"

Etí náà gbọ̀n débi pé ewé já lára igi. "Àìsàn ló pa ẹfọ̀n yẹn," ó ní. "O kàn dé ibi tó kú sí ni."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹfọ̀n náà ni."

Mo fọ́n, mo tún fọ́n. Etí ń gbọ̀n, ewé ń já, títí tí igi orí wa fi kù ní ìhòòhò. Ọ̀nà ọ̀fun mi gbẹ. Nígbà tí n kò ní ìfọ́nnu kankan mọ́, mo jókòó sílẹ̀, mo ní, "Mo fẹ́ràn àbúrò mi ju ìbọn mi lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé màá padà lọ́wọ́ òfo, tí wọn yóò sì lé e kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀."

Etí rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe ìfọ́nnu, ṣùgbọ́n ó ti tó mi. Máa lọ. Ìyá kan wà níwájú tó ń kó eegun jọ. Bó bá yìn ọ́, tètè sá."

N kò rìn jìnnà tí mo fi dé àgbàlá Akéegunjọ. Obìnrin náà ga, ó sì gbẹ. Gbogbo eegun ẹ̀yìn ẹran tó kú nínú igbó yẹn ló sá sórí okùn bí ẹni sá aṣọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo na eegun odò sí i. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fi kan eyín rẹ̀ kó, ó dún bí òkúta.

"Ọmọ ọdẹ," ó ní, "ẹran tó ń fẹsẹ̀ rìn, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lójú méjèèjì, torí pé ẹrù ni wọ́n jọ ń rù. Ó ní apá lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ihò tí mùdùnmúdùn ń gbà kọjá. Wo tìrẹ. Àwo méjì fi ìdí kan ara wọn, kò sí èyí tó gba ọbẹ̀ rí. Ẹni tó ni wọ́n kò fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò sì fò. Ta ni?"

Mo ronú títí mo fi ń làágùn. Mo ní, "Ejò ni, ìyá!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fa eegun erè wálẹ̀ lórí okùn. Ó ní, "Fọwọ́ kàn án. Ojú kan jin kòtò, ojú kejì yọ bí ẹyin. Èyí ń wọ inú èyí, òun ló fi ń ká bó ṣe wù ú. Tìrẹ jin kòtò níwájú, ó jin kòtò lẹ́yìn. Kò sí i nínú àgbàlá mi. Lọ bi wọ́n ní òkè funfun, níbi tí òkun sùn sí rí."

"Òkun kẹ̀? Òkun jìnnà sí wa, ìyá."

"Ìwọ náà, ṣé ibi tí wọ́n bí ọ sí lo ṣì ń sùn sí?"

Mo dúpẹ́, mo fẹ́ yí padà. Ó wá ń wò mí láti ẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ̀yìn rẹ mà dára o." Kí n tó ká ẹsẹ̀ kúrò ńlẹ̀, ìka gígùn rẹ̀ ti wà lórí eegun ẹ̀yìn mi. Ó ní òun ti ní eegun gbogbo ẹran, ti afọ́nnu nìkan ló kù, àti pé wọ́n ti sọ fún òun pé ó máa ń rọ̀. Mo ní, "Ìyá, ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa o. Bí ẹ bá yọ eegun afọ́nnu kó tó fọ́nnu tán, jíjẹrà ló ń jẹrà." Ó rò ó, ó ní òótọ́ lè wà nínú rẹ̀, kí n fọ́n èyí tó kù kíákíá. Áà! Mo bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ mi. Mo ròyìn gbogbo igi tí mo gùn àti gbogbo ọ̀nà tí mo rìn. Nígbà tí mo fi dé ibi tí mo ti kọ́ bí a ṣe ń de páńpẹ́, Akéegunjọ ti yán. Nígbà tí mo kan orí ìlọ́po okùn páńpẹ́ náà, orí rẹ̀ ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń han-an-run. Mo yọ ara mi lábẹ́ ìka rẹ̀, mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ohun tí ìyàwó mi ń pè ní àìsàn ló gbà mí sílẹ̀ yẹn o.

Òkè funfun kò jọ òkè tí mo rí rí. Òkúta rẹ̀ funfun bí ẹfun tí a fi ń kun ògiri, ìkarahun sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí odò nítòsí. Mo wọ inú ihò kan nínú òkè náà. Ẹja ńlá kan wà nínú ògiri ihò, òun àti òkúta ti di ọ̀kan, ojú rẹ̀ nìkan ló ń yí.

"Ta lo gbé sínú àpò yẹn?" ó bi mí.

"Gààrí ni, ẹ̀yin àgbà."

"Gààrí kì í rùn bí àbúrò mi."

Ẹ̀yin ará, ẹja àrọ̀ ìyàwó mi fẹ́ pa mí! Mo mú un jáde, mo dọ̀bálẹ̀ ti èmi tirẹ̀, mo ro ẹjọ́ Ọdẹ́bùnmi fún ẹja náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun mọ ẹni tó ni eegun, ṣùgbọ́n òun ní gbèsè kan lọ́rùn ọdẹ. "Ẹ ki erin," ó ní, "ẹ ki ẹkùn, ẹ ki ọ̀kẹ́rẹ́ tí kò ju ìkúùkù lọ. Ta ló ki ẹja rí nínú yín? Kì mí, màá sọ fún ọ."

Èmi ọmọ Ọdẹ́gbadé, tí ìjálá kì í wọ́n lẹ́nu mi, ẹnu mi wúwo. A kò kọ́ wa. Mo gbìyànjú, mo ní, "Ẹja o, ọ̀gá nínú ọbẹ̀ ata, a-bá-ẹ̀bà-rìn..." N kò tíì dé ìdí ẹ̀bà tí òkúta fi pa dé mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo ké. Ẹja ní kí n tún un rò. Mo wá wo ojú rẹ̀ tí kì í dijú, mo ro bí yóò ti pẹ́ tó níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kí i, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Mo gbé ohùn sókè:

"Ẹja, asùn-má-dijú,
Awẹ̀-má-gbẹ, ọmọ oníbú,
Omi lo fi ṣe ilé, omi lo fi ṣe aṣọ.
O rìn rìn, o kò fi ipa ẹsẹ̀ sílẹ̀,
O kú tán, o di òkúta,
Kí ọmọ aráyé má baà ní o kò wá rí."

Òkúta tú ẹsẹ̀ mi sílẹ̀. Ẹja náà ní, "Ya àbúrò mi sí méjì."

Mo ya àrọ̀ náà, mo yọ eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi! Láti ìgbà tí mo ti ń jẹ ẹja, ológbò ni mò ń ju eegun yẹn sí. N kò wò ó rí. Mo fi ẹyọ kan kò ó lójú pẹ̀lú eegun odò: kòtò níwájú, kòtò lẹ́yìn, ìbàdí tín-ín-rín láàárín. Ẹja ní àwọn kì í ru ẹrù, omi ló ń gbé wọn, òun ni ojú eegun wọn kò fi nílò láti tẹ́. Ó ní kí n wo inú kòtò náà, mo sì rí ìlà tó yí ara wọn po bí ti ìdí igi tí a gé. Ó ní nígbà tí òkun wà ní ilẹ̀ wa, kí ọmọ ènìyàn kankan tó dé ayé, àwọn kú sínú ẹrẹ̀, òkúta sì ń wọ inú eegun wọn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gba ipò eegun. "Bí wọ́n bá ń jiyàn," ó ní, "ẹ fi sínú iná. Eegun ẹni tó kú láìpẹ́ á rùn. Tiwa kì í rùn mọ́."

Sísá ni mo sá délé, mo sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá àgbàlá Akéegunjọ. Ọjà ti ń tú lọ. Ọdẹ́bùnmi ti di ẹrù rẹ̀, ó dúró níwájú Baálẹ̀, ọmọ rẹ̀ kékeré di ìró rẹ̀ mú kò fi í sílẹ̀. Mo kígbe pé kí wọ́n dúró. Mo ní kí gbogbo ilé lọ tú ìkòkò ọbẹ̀ wọn, kí wọ́n kó eegun ẹja wá, kí alápatà sì mú eegun ẹ̀yìn ewúrẹ́ wá. Wọ́n rò pé ebi ti sọ mí di wèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tò wọ́n sílẹ̀, tí wọ́n ń fi àtàńpàkò wa inú kòtò wọn wò, ariwo rọlẹ̀. A dáná. Eegun ewúrẹ́ rùn, eegun odò kò rùn. Ilé wo ni kò sí ẹja nínú ọbẹ̀ rẹ̀ ní Òkè-Ẹfun? Eegun náà wà lẹ́nu gbogbo wa lójoojúmọ́, a fẹ́ tìtorí rẹ̀ lé ènìyàn jáde nílùú.

Olórí ọdẹ ṣì ń janpata. Ó ní ẹja kò sí nínú ìjálá. Mo ní, "Baba, ó ti wà níbẹ̀ báyìí," mo sì sun ún fún wọn. Nígbà tí mo parí, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí Baálẹ̀ tú ẹjọ́ ká, Baálẹ̀ sì tú u ká.

Ìlú hó, wọ́n gbé mi sókè. Mo ti ń ṣètò ìfọ́nnu tí mo fẹ́ fọ́n nígbà tí mo rí ìyá Ṣódípẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, aṣọ tó fi di eegun wà ní títú lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹja ni?" ó bi mí.

"Ẹja ni, ìyá."

"Ẹja ni mo ń gbé sùn?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó tètè gbé e mì. Ìyá náà ní, "Mo rò pé mo ti rí ohun tí màá sin."

Ìfọ́nnu kú mọ́ mi lẹ́nu. Mo ti gba àbúrò mi sílẹ̀, mo sì ti gba ọmọ lọ́wọ́ arúgbó lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí ìjálá tó kan ìyẹn.

Ọdẹ́bùnmi ló kọ́kọ́ mira. Obìnrin tí wọ́n fẹ́ lé jáde kúnlẹ̀ níwájú ẹni tó fẹ́ lé e. Ó ní, "Ìyá mi, èmi náà kò rí i sin. Ẹ̀yin ń retí rẹ̀ nínú yàrá tiyín, èmi ń retí rẹ̀ nínú tèmi. Ẹ jẹ́ ká jọ máa retí rẹ̀."

Arúgbó náà wò ó pẹ́. Láti ọjọ́ tí Ṣódípẹ̀ ti lọ, ohun tó ti sọ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kò bi í ní ìbéèrè kankan rí. Ó wá fa ẹní sún, ó ṣe àyè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Jókòó, ọmọ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ yẹn, kí ló sọ fún ọ?"

Ẹ má bi mí ní ohun tí Ọdẹ́bùnmi fi dá a lóhùn. Gbogbo wa ti dìde kúrò níbẹ̀ fún wọn nígbà yẹn.